Ẹ má tíì sanwó fóòmù inú àjà yẹn

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, àbúrò. Mo ka ìbéèrè yín pé kọngílá tí ó ń bá yín kọ́lé ní Ìkẹ́rẹ́ fẹ́ tẹ́ fóòmù funfun sórí àjà kí ooru páànù má baà wọ yàrá, pé ẹ̀gbọ́n yín nílé ti gbà bẹ́ẹ̀, àti pé ẹ fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ fi owó ránṣẹ́. Ẹ dúró ná.

Ojú mi rí irú rẹ̀ lórí ilé tí mo kọ́ sí Adó. P.O.P., àjà tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun funfun tí a pò mọ́ omi ṣe, ni a kọ sínú àdéhùn, ṣùgbọ́n kí n tó délé, wọ́n ti tẹ́ fóòmù láti pálọ̀ dé yàrá ẹ̀yìn. Àbúrò bàbá mi tí ó ń bá mi mójú tó iṣẹ́ rò pé èmi ni mo ní kí wọ́n ṣe é, nítorí kọngílá sọ fún wọn pé ohun tí wọ́n ń lò lókè òkun nìyẹn. Bí mo ṣe sanwó àjà lẹ́ẹ̀mejì nìyẹn. Ọ̀gá tí ìjọba rán wá yẹ iṣẹ́ wò kò tilẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò. Ó gba owó epo, ó tẹ òǹtẹ̀, ó lọ.

Ike ni fóòmù náà. Bí ooru bá ti tó nǹkan bí 100°C, ó ń rọ̀, ó ń súnkì, lẹ́yìn náà ó ń yọ́; bí iná bá sì mú un, ẹ̀kán rẹ̀ tí ó ń jó a máa já bọ́ sórí bẹ́ẹ̀dì àti kọ́tìnnì, èéfín dúdú rẹ̀ a sì kún ilé kí ọwọ́ iná fúnra rẹ̀ tó dé. Òkè àjà kan náà ni oníná máa ń gba wáyà kọjá. Ibi tí ó bá so wáyà mọ́ra tí kò le dáadáa yóò máa gbóná, fóòmù tí ó bò ó kò sì ní jẹ́ kí ooru náà rí ọ̀nà jáde. Èyí tí ó burú jù ni pé fóòmù máa ń fa èròjà tí ó ń mú kí ara wáyà rọ̀, tí ara wáyà yóò fi gan, tí yóò sì máa sán.

Ẹ tún rántí pé nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ògiri tí ó pín yàrá kì í kọjá àjà. Lókè níbẹ̀, gbọ̀ngàn kan ṣoṣo ni gbogbo ilé, pẹ̀lú igi òrùlé tí ooru páànù ti yan gbẹ. Iná tí ó bá ràn lórí ilé ìdáná yóò gba ibẹ̀ dé orí àwọn ọmọ láì kọjá lẹ́nu ọ̀nà kankan.

Kọngílá lè fi fídíò ránṣẹ́ pé òun ṣáná sí fóòmù tòun, iná náà sì kú. Lóòótọ́, oríṣi kan wà tí wọ́n po èròjà adènà iná mọ́, ṣùgbọ́n iná ńlá yóò jó òun náà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìlú Ọba kò ní gbàgbé iná ilé gogoro Grenfell ní Lọ́ńdọ̀nù, ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2017: láti ara fìríìjì kan ni iná ti bẹ̀rẹ̀, ike tí ó wà láàárín álúmíníọ́mù tí wọ́n fi bo ògiri ni ó sì gbé e gun òkè. Èèyàn 72 ni ó kú.

Omi wà nínú P.O.P. ní tirẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀, iná sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi náà jáde. Ìyẹn ń fún èèyàn láyè láti sá.

Ilé yín ṣì ṣeé tún ṣe, ọkàn yín kò gbọdọ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Kí bíríkìlà gbé búlọ́ọ̀kù dé abẹ́ páànù láàárín ilé ìdáná àti yàrá kí wọ́n tó pa àjà dé, kí oníná gba wáyà sínú páìpù, kí ẹ̀gbọ́n yín gun àkàbà pẹ̀lú fóònù kí ẹ fojú yín rí i. Tí ooru bá ń dà yín láàmú, rockwool, ohun bí òwú tí wọ́n ń tẹ́ sórí àjà, ni kí ẹ béèrè. Òkúta ni wọ́n yọ́ ṣe é. Owó P.O.P. ni kí ẹ wá fi ránṣẹ́, tààrà sọ́dọ̀ ẹni tí ó ń tà á, kó má gba ọwọ́ kọngílá kọjá.