Ìbéèrè àti Ìdáhùn: AI ló máa kọ app mi, ṣé kí n jẹ́ kí developer mi máa lọ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Iléṣà ni mo wà. Mo fẹ́ ṣe app kan tí àwọn ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù á máa fi ṣe àkọsílẹ̀ owó wọn, tí mẹ́ńbà á lè máa fi dá owó, tí wọ́n á lè fi yá owó, tí wọ́n á lè fi dìbò yan olóyè, tí wọ́n á sì lè máa tàkùrọ̀sọ nínú ẹ̀. Mo ní ₦1,200,000 nílẹ̀. Developer kan wà ní Ifẹ̀ tó ti ń bá mi kọ ọ́ bọ̀, àmọ́ ọ̀gá kan tó ń ta kọ́ọ̀sì ₦150,000 ní láyé AI yìí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún developer mọ́, pé ọjọ́ méjì ni app á parí. AI wo ni kí n rà, ṣé kí n sì jẹ́ kí developer yẹn máa lọ?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, mo kí ẹ. Irú ìbéèrè yìí ti pọ̀ lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, láti Lagere títí dé inú campus OAU, orúkọ kọ́ọ̀sì ló kàn ń yí padà, torí náà gbangba ni mo ti máa dá ẹ lóhùn kí ẹlòmíì lè rí i kà. Má ra kọ́ọ̀sì yẹn. Má jẹ́ kí developer ẹ lọ. AI tó bá sì wù ẹ́ nínú àwọn tó gbajúmọ̀ ni kó o lò, Cursor ni o, GitHub Copilot ni o, Claude Code ni o, gbogbo wọn ló ń ṣiṣẹ́, o máa rí èyí tí kò ju bíi dọ́là 20 lọ lóṣù, wọ́n sì ń gba iwájú mọ́ ara wọn lọ́wọ́ débi pé èyí tí mo bá pè ní ọ̀gá lónìí, ó lè má rí bẹ́ẹ̀ mọ́ tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Mo mọ̀ pé ibẹ̀ gan lo fẹ́ kí n pẹ́ sí, àmọ́ kò tó nǹkan tó yẹ ká pẹ́ sí.

Ohun tó ń bí mi nínú ni irọ́ tí wọ́n pa fún ẹ. Wọ́n ní kóòdù kíkọ ló ń dá àwọn èèyàn dúró tẹ́lẹ̀, pé nígbà tí AI ti wá gba ìyẹn lọ́wọ́ wa, ẹnikẹ́ni ló lè dá ilé-iṣẹ́ sọ́fítíwíà sílẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èyí tí mo ti rí tó kú nínú àwọn startup kéékèèké níbí, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kóòdù ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí tó fi kú, kò kàn sẹ́ni tó nílò ẹ̀ débi pé á yọ owó fún un. App wà, oníbàárà ò sí. AI ò wo àrùn yìí sàn o, ṣe ló tún dá kún un, torí láyé àtijọ́ owó developer máa ń jẹ́ kéèyàn ronú, wàá bi ara ẹ pé ṣé mo nílò ìbò dídì yìí ṣá, ní báyìí o kàn máa sọ ọ́ fún AI lálẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́ ibi ìdìbò ti wà níbẹ̀, ibi ìtàkùrọ̀sọ ti wà níbẹ̀, ó rẹwà lójú, inú ẹ dùn, o ò sì tíì bi akọ̀wé àjẹṣẹ́kù kan ṣoṣo pé kí ló ń yọ ọ́ lẹ́nu.

Wo lẹ́tà ẹ. Nǹkan márùn-ún lo ní app yẹn á máa ṣe, mi ò rí ibi tó o ti sọ pé akọ̀wé báyìí ló ní òun fẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Iléṣà lo sì wà o, ìlú òṣómàáló! Àwọn bàbá yín tó ń gbé aṣọ kiri lórí àwìn, wọ́n mọ ilé ẹni tó jẹ wọ́n, wọ́n mọ iṣẹ́ tó ń ṣe, wọ́n mọ ọjọ́ tí owó máa wọlé fún un, ìgbà yẹn ni wọ́n ń dé. Ìmọ̀ yẹn lọjà tí wọ́n ń tà gan, aṣọ kàn tẹ̀ lé e ni. Ohun tó o ní láti kọ́kọ́ wá nìyẹn, kò sì sí AI tó lè bá ẹ wá a.

Ohun tí mo fẹ́ kó o ṣe rèé. Wá ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan ṣoṣo, ì báà jẹ́ ti àwọn oníṣòwò Ọjà Àtàkúnmọ̀sà, ì báà jẹ́ ti àwọn tíṣà, bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kó o máa jókòó sípàdé wọn. Bá akọ̀wé wọn da inú ìwé ńlá ẹ̀ kọ sórí Google Sheets, tí ìpàdé bá ti parí kó o fi WhatsApp tàbí text ránṣẹ́ sí mẹ́ńbà kọ̀ọ̀kan pé iye tó o dá lónìí rèé, iye tó wà nílẹ̀ fún ẹ rèé. Ọwọ́ ẹ ni wàá fi ṣe é, kò sí app kankan. Ṣe é fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta, kó o sì gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ wọn lóṣù, kódà kó jẹ́ ₦5,000, torí ẹni tó ní nǹkan dáa láìsanwó ń ṣe ẹ́ lóore ni, ìdáhùn kọ́ nìyẹn. Tí wọn ò bá fẹ́ san, béèrè ìdí ẹ̀, kó o tẹ́tí sílẹ̀, má bá wọn jiyàn.

Wàá rí nǹkan níbẹ̀. Wàá rí i pé àjẹṣẹ́kù kan máa ń yá èèyàn ní ìlọ́po méjì ohun tó ti dá, òmíì ìlọ́po mẹ́ta. Wàá rí i pé ẹni tó ṣe onídùúró fún ẹlòmíì lè má láṣẹ láti kó owó ẹ̀ jáde títí gbèsè yẹn á fi tán, pé owó ìtanràn àìwá sípàdé wà, pé bí wọ́n ṣe ń pín èrè ọdún ní òfin tiẹ̀, pé mẹ́ńbà kan lè rán owó ọwọ́ ẹ̀ sí ẹlòmíì kó bá a san án, kí akọ̀wé sì ti orúkọ àwọn méjèèjì bọ ìwé. Wàá tún rí àwọn màmá tí kò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ iye tí wọ́n ní, kódà ọkọ wọn. Gbogbo èyí, tó ò bá sọ ọ́ fún AI, kò ní dúró bi ẹ́, á kàn bá ẹ méfò, á sì kọ ọ́ bí ẹni tó dá a lójú. Ó tiẹ̀ lè jẹ́ pé ohun tí akọ̀wé yẹn nílò ò ju text tó ń lọ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ìpàdé. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ọpẹ́ ló yẹ kó o dá, ọjà ẹ ti kéré, ó ti ṣeé ṣe.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kóòdù kàn, ibẹ̀ ni developer ẹ ti wúlò. Jẹ́ kí n mú nǹkan méjì péré. Tí wọ́n bá kọ owó sínú kọ̀ǹpútà bíi nọ́ńbà onípọ́íǹtì lásán (irú bíi 0.1), ìyẹn èyí tí wọ́n ń pè ní float, kọ̀ǹpútà máa ń ṣì í díẹ̀díẹ̀: ní kí JavaScript ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2 wò, 0.30000000000000004 ló máa fún ẹ. Kò tó nǹkan lójú, àmọ́ tó bá di ìparí ọdún tí èrè ń pín tí àròpọ̀ ò bá dọ́gba, akọ̀wé ni wọ́n máa sọ pé ó jalè. Ẹni tó mọṣẹ́ á tọ́jú owó ní kọ́bọ̀, nọ́ńbà odindi. Ìkejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ibi tá a wà yìí, akọ̀wé tẹ "Fi pamọ́", ó ń yí, ó ń yí, kò dáhùn, ó tún un tẹ̀, ₦5,000 ìyá kan ti di ₦10,000 nínú ìwé. Ẹni tó ti jìyà ẹ̀ rí ló máa rántí pé kó fún ìdáwó kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀ kí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń gba àkọsílẹ̀ wọlé, lè mọ̀ pé ohun kan náà ló tún wá. AI mọ àwọn nǹkan wọ̀nyí tó o bá bi í o, á tiẹ̀ ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Ta ló máa mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n bi í?

Ẹ má gbọ́ ọ pé mo kórìíra AI. Mò ń lò ó lójoojúmọ́. Ó ń bá mi kọ fọ́ọ̀mù, ó ń bá mi kọ test, ìyẹn kóòdù tó ń yẹ kóòdù wò, ó ń bá mi túmọ̀ error tó lọ́jú pọ̀, tí mo bá sì fẹ́ fi bí nǹkan ṣe máa rí han oníbàárà, ọ̀sán kan ti tó láti gbé àwòṣe ẹ̀ dìde, tí kò bá wù wọ́n màá dà á nù, kò ní dùn mí. Ìyẹn gan ló yẹ kó o lò ó fún báyìí. Àmọ́ ṣọ́ra fún bó ṣe ń ṣe èèyàn bíi pé ó ń sáré. Ní 2025, ẹgbẹ́ olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ METR mú developer 16 tó nírìírí, wọ́n ní kí wọ́n máa ṣiṣẹ́ lórí kóòdù tí wọ́n ti mọ̀ tipẹ́, wọ́n fi AI ṣe àwọn iṣẹ́ kan, wọn ò fi ṣe àwọn kan. Èyí tí wọ́n fi AI ṣe gba àkókò tó fi 19% ju èyí tí wọn ò fi AI ṣe lọ, bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ẹ̀ àwọn fúnra wọn rò pé AI fi 20% mú àwọn yára ni. AI ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yẹn ni o, kóòdù ńlá tó ti wà nílẹ̀ sì ni, kò túmọ̀ sí pé bó ṣe máa rí fún ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kàn fẹ́ kó o mọ̀ pé ara yíyá lásán kì í ṣe òṣùwọ̀n. Iye àjẹṣẹ́kù tó ń sanwó fún ẹ lóṣù ni kó o máa kà.

Ti ààbò ńkọ́? Ní July 2025, oníṣòwò Amẹ́ríkà kan, Jason Lemkin, ń fi AI Replit kọ app, ó ti kìlọ̀ fún un pé kó má fọwọ́ kan nǹkan kan, síbẹ̀ AI yẹn pa database tí àkọsílẹ̀ gidi wà nínú ẹ̀ rẹ́. Wọ́n padà rí àkọsílẹ̀ yẹn gbà padà, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà sì tọrọ àforíjì ní gbangba. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn tó ń yẹ ààbò wò rí i pé ọ̀pọ̀ app tí wọ́n fi Lovable, AI mìíì tó ń kọ app, kọ ni ẹni tí kò kàn lè wọnú database ẹ̀, torí wọn ò to RLS ẹ̀ dáadáa, ìyẹn òfin inú database tó ń sọ ẹni tó lè rí àkọsílẹ̀ wo. Rántí àwọn màmá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan. Torí náà, má jẹ́ kí AI dé ibi tí àkọsílẹ̀ gidi wà, ibi ìdánwò ni kó wà, ṣe backup lójoojúmọ́ sí ibòmíì, kí developer ẹ sì ka gbogbo kóòdù tó bá fọwọ́ kan owó kó tó wọlé.

Mi ò kì í ṣe lọ́yà, torí náà má fi ọ̀rọ̀ mi ṣe òfin. Àmọ́ app tó ń ṣe àkọsílẹ̀ owó yàtọ̀ gan sí app tí owó aráàlú ń wọ àpò ẹ̀. Tí ìdáwó bá fi lè dúró lọ́wọ́ ẹ, kódà ọjọ́ kan, o ti ń lọ síbi tí CBN ti ń béèrè láísẹ́ǹsì. Jẹ́ kí owó lọ tààrà sí àkáǹtì àjẹṣẹ́kù. Tó o bá fẹ́ fi Paystack gbà á fún wọn, iye tí mo mọ̀ ni 1.5% àti ₦100, wọn kì í gba ₦100 yẹn tí owó ò bá tó ₦2,500, kò sì gbọ́dọ̀ kọjá ₦2,000 lápapọ̀ (tún yẹ̀ ẹ́ wò kó o tó lò ó, ó lè ti yí padà). Ẹni tó bá dá ₦5,000, ₦175 ti lọ nínú ẹ̀ nìyẹn. Bi akọ̀wé pé ta ló máa ru ₦175 yẹn, wàá rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa rí. Má sì gba BVN tàbí NIN lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tó ò bá nílò ẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà ti 2023 wà nílẹ̀, tí nǹkan ìkọ̀kọ̀ wọn bá jò, ìwọ ni wọ́n máa wá.

Fún ti owó ẹ: má ná ju ìdá kan nínú mẹ́ta ₦1,200,000 yẹn lọ kí àjẹṣẹ́kù kẹta tó máa sanwó. Bá developer ẹ sọ̀rọ̀ bí ọmọlúwàbí, sọ fún un pé ẹ ò ní máa kọ nǹkan tuntun fún ìgbà díẹ̀, tó bá dìgbà tí iṣẹ́ bá dé, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni wàá máa sanwó fún, kóun náà máa lo AI kó lè yá, kó sì jẹ́ pé òun lẹ máa pè tí nǹkan bá bàjẹ́ lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé. Èyí tó o ti jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀, san án báyìí. Ìdìbò àti ìtàkùrọ̀sọ, yọ wọ́n kúrò pátápátá, WhatsApp wà lọ́wọ́ wọn. Ṣé Android ni kó o kọ́kọ́ ṣe àbí iPhone, kò tíì kàn ẹ́, Google Sheets ń ṣí lórí méjèèjì.