Ṣé Owó Ni Ó Yí Orin Metallica Padà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi ń jiyàn lórí Metallica, ẹgbẹ́ olórin heavy metal (orin rọ́ọ̀kì tó le, tó sì ń dún kíkankíkan) ti Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi sọ pé owó ni wọ́n ń lé tí orin wọn fi rọ̀ ní 1991. Ṣé òótọ́ ni?
Òǹkàwé, Súrùlérè

ÌDÁHÙN: Àwo orin 1991 náà, tí Bob Rock, olùdarí ìgbàsílẹ̀ orin, bá wọn ṣe, tà ju mílíọ̀nù 16 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan, ṣùgbọ́n pé ọjà tà kò fi hàn pé torí ọjà nìkan ni wọ́n ṣe kọ ọ́. Ẹ tẹ́tí sí àwo wọn ti 1988: orin kan níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìṣẹ́jú 10, ìlù rẹ̀ ń yí padà lemọ́lemọ́, agbára káká sì ni etí fi ń gbọ́ gìtá béèsì. Irú orin gígùn bẹ́ẹ̀ ti sú àwọn fúnra wọn láti máa lù lórí ìtàgé. Ní 1991, wọ́n gé orin kúrú, wọ́n dẹ ìlù, béèsì sì wá ń dún ketekete. Ní tèmi, ìyára orin náà ni ó dín kù, kì í ṣe ìwúwo rẹ̀. Ti 1996 ni mo gbà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n yín, nígbà tí wọ́n gé irun wọn, tí orin wọn sì sún mọ́ rọ́ọ̀kì lásán.