Bí Mo Bá Gba Iṣẹ́, Ṣé Ìtọ́jú Ọ̀fẹ́ Màmá Á Dáwọ́ Dúró?

ÌBÉÈRÈ: Ọdún méjì rèé tí rọpárọsẹ̀ ti dá ìyá ọkọ mi dùbúlẹ̀, èmi ni mo sì ń tọ́jú wọn ní Nyanya níbí. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sílẹ̀ láti máa gba owó ìrànwọ́ ìjọba fún ilé wa. A ti gba 25,000 náírà lẹ́ẹ̀kan. Màmá ní káàdì ìtọ́jú ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn alábọ́dé àdúgbò wa, èmi àti àwọn ọmọ náà ní. Mo wá rí iṣẹ́ ìmọ́tótó ní Wuse, 70,000 náírà lóṣù, pẹ̀lú NHIS, ìyẹn ìlera adójútòfò fún òṣìṣẹ́. Àbúrò ọkọ mi tó wà ní England ní kí n má dán an wò, wọ́n ní tí ẹni tó ń tọ́jú aláìsàn bá ti ń gba owó oṣù, gbogbo ìrànwọ́ ìdílé ló máa bá a lọ. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? A tún ń gbèrò láti kó lọ sí Mararaba, torí owó ilé. — Ìyá Ìbejì, Nyanya

ÌDÁHÙN: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ẹ gba iṣẹ́ yẹn.

Àbúrò ọkọ yín ò purọ́. Òfin ibi tí wọ́n ń gbé ni wọ́n ń sọ. Ìjọba ibẹ̀ máa ń san owó kan tí wọ́n ń pè ní Carer's Allowance fún ẹni tó bá ń fi wákàtí 35 ó kéré tán tọ́jú aláìsàn lọ́sẹ̀. Ní ọdún 2025 sí 2026, pọ́n-ùn 83.30 ni lọ́sẹ̀. Ṣùgbọ́n bí owó tí ẹni náà ń rí níbi iṣẹ́, lẹ́yìn owó orí, bá fi ẹyọ pọ́n-ùn kan ju ààlà tí ìjọba fi lélẹ̀ lọ (196 lọ́sẹ̀ nígbà náà), gbogbo ẹ̀ ló lọ. Wọn kì í dín in kù díẹ̀díẹ̀. Bí ìdílé náà bá sì ń gba Universal Credit, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ibẹ̀ ń fún àwọn tí owó wọn ò tó, wọ́n á ka Carer's Allowance mọ́ owó tó ń wọlé fún wọn, wọ́n á yọ iye rẹ̀ kúrò. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti jẹ gbèsè níbẹ̀ torí pé wọ́n kọjá ààlà yẹn láìmọ̀. Ẹni tó ti rí irú ẹ̀, ó yẹ kó bẹ̀rù.

Nàìjíríà ò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Kò sí kọ́bọ̀ tí ìjọba ń san fún yín lóṣooṣù torí pé ẹ ń wẹ Màmá, ẹ ń fọṣọ wọn, ẹ ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Ó ń dùn mí, ọdún gbọọrọ tí mo ti fi ṣiṣẹ́ wẹ́fíà ní Abuja ò sì tíì jẹ́ kó mọ́ mi lára. 25,000 tí ẹ gbà, ti ilé ni, kì í ṣe owó ìtọ́jú. Oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ fún mílíọ̀nù 15 ìdílé, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni ilé kọ̀ọ̀kan sì máa gbà á. 75,000 lápapọ̀, ó parí. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 70,000 tí yóò máa wọlé lóṣooṣù.

Kì í kúkú ṣe àìníṣẹ́ yín nìkan ló gbé ilé yín wọ ìwé àwọn aláìní. Ẹ rántí ọjọ́ tí wọ́n wá. Àwọn ará àdúgbò ló kọ́kọ́ dárúkọ yín, kí àwọn òṣìṣẹ́ tó wọlé wá béèrè iye ẹni tó ń sùn ní yàrá kan, kí wọ́n wo òrùlé àti ilẹ̀, kí wọ́n béèrè ohun tí ẹ fi ń dáná àti iṣẹ́ tí kálukú ń ṣe. Gbogbo rẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ fi wọn ilé yín. Bí wọ́n bá tún padà wá, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ti ń ṣiṣẹ́. Ẹ má fi pa mọ́.

Ti káàdì Màmá ló ká mi lára jù. Òfin ìlera adójútòfò ọdún 2022 ka arúgbó, aláàbọ̀ ara, aláboyún àti ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún mọ́ àwọn tó yẹ kí ìjọba gbé ẹrù wọn. Ọjọ́ orí Màmá àti ẹ̀gbẹ́ ara wọn tó rọ ló kà wọ́n mọ́ wọn, owó oṣù yín ò sì yí ìkankan padà nínú méjèèjì. Ibi tí ẹ ti lè ṣìṣe ni NHIS. Ẹ̀yin, ọkọ yín àti ọmọ mẹ́rin tí kò tíì pé ọdún 18 ló wà fún. Ìyá ọkọ ò sí níbẹ̀, àfi tí ẹ bá san tiwọn lọ́tọ̀. Ìdílé kan tí mo mọ̀ sọ pé àwọn ti ní NHIS, wọ́n dá gbogbo káàdì ọ̀fẹ́ padà, ti Bàbá náà wà níbẹ̀. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru Bàbá ga lóru, wọ́n wá orúkọ wọn títí ní ilé ìwòsàn NHIS, kò sí. Fìríìjì ni wọ́n tà láti fi sanwó. Nítorí náà, ẹ má fọwọ́ kan ti Màmá. Tiyín àti ti àwọn ọmọ, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ó di ìgbà tí ẹ bá ti fojú ara yín rí orúkọ yín ní ilé ìwòsàn tí ẹ yàn. Pé wọ́n ti ń yọ owó NHIS nínú owó oṣù yín kò tíì tó.

Kíkó lọ sí Mararaba gan-an ló lè ṣe Màmá ní jàǹbá. Ẹsẹ̀ lèèyàn lè fi rìn ín láti Nyanya, ṣùgbọ́n Abuja ló ni Nyanya, ìpínlẹ̀ Nasarawa ló ni Mararaba, káàdì Màmá sì so mọ́ ilé ìwòsàn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ti ọ̀hún bóyá wọ́n lè gba orúkọ wọn, kí ẹ tó san owó ilé fún ẹnikẹ́ni.

Ó wá ku ẹni tí yóò jókòó ti Màmá. Bí ẹ bá yọ owó mọ́tò àti owó ẹni náà nínú 70,000, ohun tó máa kù lè má tó nǹkan. Ẹ bá àbúrò ọkọ yín sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: ohun tí Màmá nílò lọ́wọ́ wọn báyìí ni owó ẹni tí yóò wà lọ́dọ̀ wọn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Ẹ pe ẹni náà wá ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú kí iṣẹ́ yín tó bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fi hàn án bí ẹ ṣe ń yí Màmá padà ní wákàtí méjì-méjì, kí egbò má bàa yọ sí wọn nídìí.