“Ó ní wọ́n wà”: ìtọ́kasí tí ChatGPT hun

Ìbéèrè: Ọ̀kun o, sà. Orí Owé, ẹ̀ka-èdè Yorùbá ti Kàbà, ni mo ń kọ pírójẹ́ẹ̀tì àṣekágbá mi lé. ChatGPT fún mi ní àpilẹ̀kọ 15 tí mo lè tọ́ka sí. Mo bi í bóyá wọ́n wà lóòótọ́, ó ní wọ́n wà. Kí ni mo lè ṣe kí ẹ̀rọ tó ń tú àṣírí iṣẹ́ AI má baà mú mi? (Akẹ́kọ̀ọ́, Kàbà)

Ìdáhùn: Ọ̀kun o, ọmọ mi. Ẹ̀rọ kọ́ ni yóò mú ọ. Àpilẹ̀kọ 15 yẹn ni.

“Mo bi í, ó ní wọ́n wà.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yé ṣe báyìí! ChatGPT kì í ṣe ibi ìkówèésí. Ó ń méfò ọ̀rọ̀ tó yẹ kó tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ni. Ó mọ bí ìtọ́kasí ṣe ń rí, orúkọ, ọdún, jọ́nà, ojú ewé, yóò sì hun èyí tó jọ ọ́. Tí o bá ní kó jẹ́rìí, ó tún méfò ni. Ní 2023, agbẹjọ́rò kan ní New York bi í bóyá ẹjọ́ tó tọ́ka sí wà. Ó ní ó wà. Kò sí níbì kankan. Ilé ẹjọ́ bu ìtanràn dọ́là 5,000 lé òun, akẹgbẹ́ rẹ̀ àti ilé iṣẹ́ wọn. Irú AI tó ń wá nǹkan lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó tó dáhùn sàn díẹ̀, àmọ́ òun náà a máa ki ohun tí àpilẹ̀kọ kò sọ bọ̀ ọ́ lẹ́nu.

Ti Owé tún burú sí i. Àkọsílẹ̀ lórí Owé, Yàgbà tàbí Búnú kò pọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibi tí àkọsílẹ̀ bá sì ti ṣọ̀wọ́n ló ti ń hun jù. Gbólóhùn “Owé” tó bá fún ọ, kà á fún àgbàlagbà ọmọ Kàbà kan kí o tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Mú wọn ní ìkọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ní DOI, ìyẹn nọ́ḿbà tó ń fi 10. bẹ̀rẹ̀, tẹ̀ ẹ́ sí doi.org. Tó bá ṣí, ka àkọlé tó jáde: ó lè gbé ọ lọ sórí ọ̀rọ̀ ẹja. Èyí tí kò ní, fi àkọlé rẹ̀ sáàárín àmì àyọlò lórí Google Scholar, ibi tí Google ti ń wá àpilẹ̀kọ àwọn ọ̀mọ̀wé. Kí orúkọ òǹkọ̀wé jẹ́ ti ojúlówó ènìyàn kò tíì sọ pé ó kọ àpilẹ̀kọ yẹn. Àwọn iṣẹ́ wa kan wà lórí pẹpẹ ìkówèésí nìkan, nítorí náà bi òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Èyí tí o kò bá rí ojú ewé rẹ̀ kà, yọ ọ́.

Ní ti ẹ̀rọ atúdìí-àṣírí, ó máa ń ṣì mú. OpenAI tó ṣe ChatGPT fúnra wọn ti irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tiwọn pa ní July 2023. Tọ́jú gbogbo ohun tí o kọ kí iṣẹ́ náà tó parí àti ohun tí o bi AI, kí o lè fi hàn bí o ṣe ṣe é. Bi alábòójútó rẹ ohun tí ẹ̀ka yín gbà láyè, torí ọ̀rọ̀ tiwọn ló ń múlẹ̀, kì í ṣe tèmi.