Ẹ Ka Ara Páálí Kí Ẹ Tó Kán An Sójú

Àǹtí mi, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní ojú ọmọ yín pọ́n, ó sì ń yún un, pé ike oògùn méjì ló wà nílé, chloramphenicol àti èyí tó ní dexamethasone pẹ̀lú neomycin, èwo ni kí ẹ kán sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé oní-dexamethasone yẹn jìnnà sí ọmọ náà.

Irú ẹ̀ ni oníkẹ́mísìtì àdúgbò wa gbé fún mi nígbà ọyẹ́ tí ojú ń yún mi. Kò wojú mi, kò bi mí ní nǹkan kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ojú ti funfun báláú. Oògùn tó tètè tuni lára báyẹn, ta ni kò ní padà lọ rà á? Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọ̀ bí òṣùmàrè tó yí iná ká lálẹ́. Mo lọ ọsibítù, mo jókòó láti ìdájí, dókítà kò gbórí sókè, oògùn yẹn kan náà ló tún kọ fún mi! Mo béèrè ohun tó wà nínú ẹ̀, ó ní ṣé mo fẹ́ gba iṣẹ́ òun ni. Ó ṣì ń dùn mí dòní. Ibòmíràn ni wọ́n ti wọn ìfúnpá inú ojú mi, ó ti kọjá 30, bẹ́ẹ̀ kò yẹ kó ju 21 lọ.

Dexamethasone, betamethasone, prednisolone, steroid ni gbogbo wọn. Ojú tó pọ́n á rọlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n lára ẹlòmíràn, ìfúnpá inú ojú á máa ga, á máa jẹ iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ. Glaucoma nìyẹn. Kì í sábà dunni, èyí tó bá sì ti jẹ kò ṣeé dá padà. Tí ọ̀kadà bá ń bọ̀ lápá òsì mi báyìí, ariwo ẹ̀ ni mo fi ń mọ̀. Dókítà ojú tó ń wọn ojú lóòrèkóòrè nìkan ló yẹ kó fúnni nírú ẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fún ọmú tàbí da ìtọ̀ sójú ọmọ yẹn. Ẹ má yá oògùn glaucoma bàbá àgbà lò: timolol inú ẹ̀ lè dá ikọ́ fée sílẹ̀ lára ẹni tó ní in. Oògùn tó ń mú ojú pípọ́n funfun kíákíá, tó ní tetrahydrozoline tàbí naphazoline, tí ẹ bá ń lò ó lọ, pípọ́n náà á tún padà wá.

Chloramphenicol, bakitéríà ló wà fún. Tí ìpìn tó rí bí ọyún bá ń lẹ ìpéǹpéjú pọ̀, ó lè wúlò. Kò ran fáírọ́ọ̀sì, fáírọ́ọ̀sì ló sì máa ń fa Apollo jù. Èyí tó kàn ń yún ṣáá, olopatadine tàbí ketotifen ni kí ẹ bi famasíìsì nípa ẹ̀. Bí wọ́n bá lẹ iye owó mọ́ ibi tí wọ́n kọ èròjà sí, ẹ ṣí i kúrò kẹ́ ẹ kà á. Ike tó bá ti ju ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ tí ẹ ti ṣí i, ẹ dà á nù.

Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń ro ọmọ náà lójú, tàbí kò ríran dáadáa, ẹ má kán ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọ̀dọ̀ dókítà ojú ni kí ẹ gbé e lọ lónìí.