Má fi Kraut pe ọmọ Jámánì, Kartoffel náà gba sùúrù

Àbúrò mi tó béèrè bóyá òun lè máa fi "Kraut" tàbí "Kartoffel" ṣàwàdà pẹ̀lú àwọn ará Jámánì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́: má dán an wò. Ó ti pẹ́ tí mo ti wà nílé ìdáná níbí ní Jámánì, ojú mi sì ti rí ohun tí orúkọ méjèèjì ń dá sílẹ̀.

Inú Sauerkraut ni Kraut ti wá, ìyẹn kábéèjì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n fi iyọ̀ pa, tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ títí ó fi kan bí omi ògì. Oúnjẹ gidi ni. Nígbà tí James Cook, atukọ̀ Ìlú Ọba, gbéra ní 1768, ó kó o sọ́kọ̀ nítorí àìsàn tó ń mú kí erìgì máa ṣẹ̀jẹ̀. Àwọn ọmọṣẹ́ ọkọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́; àfìgbà tí wọ́n rí i pé àwọn ọ̀gá ń jẹ ẹ́ lójoojúmọ́ ni wọ́n tó ń béèrè fún un.

Ogun ló ba orúkọ náà jẹ́. Ní 1918, àwọn ará Amẹ́ríkà kan tiẹ̀ yí orúkọ oúnjẹ yẹn sí "kábéèjì òmìnira" kí wọ́n má bàa fi ti Jámánì pè é. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Kraut làwọn sójà wọn ń pe ẹni tí wọ́n fẹ́ yìnbọn fún. Ìdí rèé tó fi máa ń ká àgbàlagbà Jámánì lára. Ojú mi ló ṣe nígbà tí òṣìṣẹ́ kan láti London fi pe bàbá tó ń ṣe búrẹ́dì wa. Bàbá náà ò pariwo, àmọ́ kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì.

Ibi orin nìkan ni orúkọ náà ti rọ̀ díẹ̀. Àwọn oníròyìn Ìlú Ọba pe orin tuntun tó ń ti Jámánì jáde ní Krautrock, ẹgbẹ́ Faust sì fi sọ orin wọn kan ní 1973.

Kartoffel, ìyẹn pọ̀tétò, yàtọ̀. Àwọn ọmọ tí òbí wọn ṣí wá, pàápàá láti Tọ́kì, ló ń fi pe onílẹ̀. Jámánì ni wọ́n bí wọn sí, síbẹ̀ àlejò ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn náà wá orúkọ fún onílé, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. Pọ̀tétò fúnra rẹ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú níbí: Frederick Kejì, ọba Prussia, ìyẹn ìjọba kan nílẹ̀ Jámánì àtijọ́, pàṣẹ ní 1756 pé kí wọ́n máa gbìn ín, títí dòní làwọn èèyàn sì ń gbé e sórí sàréè rẹ̀ ní Potsdam. Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi pe ara wọn, àwọn mìíràn ní ìwà ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni. Lọ́dọ̀ wa, àwọn tó jọ dàgbà ládùúgbò kan náà ló ń pe ara wọn bẹ́ẹ̀. Ìwọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, Herr (ọ̀gbẹ́ni) tàbí Frau (ìyáàfin) pẹ̀lú orúkọ ìdílé wọn ni kó o máa lò, àfi tí wọ́n bá fúnra wọn ní kó o máa pe orúkọ àbísọ wọn.