Ìpàdé àwọn tó ní ADHD tí wọ́n ń fi ọtí sílẹ̀

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ìpàdé tí ẹ dá sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde fún àwọn tó ní ADHD (ìṣòro ọpọlọ tí kì í jẹ́ kéèyàn lè pọkàn pọ̀ tàbí jókòó jẹ́ẹ́) tí wọ́n ń fi ọtí sílẹ̀ ti ń tú ká. Kì í ṣe pé wọn ò fẹ́ jáwọ́. Wákàtí méjì lórí ìjókòó ló pọ̀ jù fún ẹni tó ní ADHD. Ẹ fi mọ sí ìṣẹ́jú 45, èèyàn 6 sí 8. Ìṣẹ́jú 3 ni kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi sọ̀rọ̀, kí aago fóònù máa dún. Ẹni tó bá fẹ́ dìde rìn, ẹ jẹ́ kó rìn.

Ìgbàgbé tún wà ńbẹ̀. Kí ọjọ́, ibi àti aago má yí rárá. Ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, kí ẹ tún fi ránṣẹ́ nígbà tó bá ku wákàtí kan. Ẹ pín wọn ní méjì-méjì kí wọ́n máa pe ara wọn nírọ̀lẹ́, torí ìgbà tí ọwọ́ bá dilẹ̀ ni paraga máa ń wù wọ́n. Ẹni tó bá tún mu ún, ẹ má lé e o.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ń mutí púpọ̀ lójoojúmọ́ ò gbọdọ̀ já a lójijì nílé. Láàárín wákàtí 6 sí 48, gìrì lè mú un, ó sì lè pa á. Ẹ kọ́kọ́ mú un lọ sí ilé ìwòsàn OOUTH ní Ṣágámù, tàbí ilé ìwòsàn ọpọlọ Aro l'Abẹ́òkúta. Kó sọ gbogbo ohun tó ń mu fún dókítà, torí pé oògùn methylphenidate tí wọ́n fi ń tọ́jú ADHD lè di bárakú. Atomoxetine, oògùn ADHD míì, kì í sábà rí bẹ́ẹ̀.